Ọ̀rọ̀ Mi fún Ẹni Tí Ó Ń Ra Ẹrù Ìkókó

Ọmọ mi, mo ti rí ìwé tí o fi ń kó ẹrù ìkókó jọ, èyí tí wọ́n fún ọ nílé ìwòsàn àti èyí tí ìwọ fúnra rẹ ń kọ kún un láti inú fóònù, mo sì rí i pé kí ọmọ tó ké rárá, àpò bàbá rẹ̀ ti ń ké. N kò ní bá ọ jà lórí ìyẹn. Inú dídùn ló ń mú orí yá, ẹni tó ń retí ọmọ kì í fẹ́ kí ohunkóhun wọ́n ọmọ náà, àti pé ayé tí a bí ìwọ sí kọ́ ni a ó bí ti inú rẹ sí. Ìgbà ò lọ bí òréré, ayé ò lọ bí ọ̀pá ìbọn. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi jókòó sí ìsọ̀ ẹrù ọmọ n'Íbàdàn kí orúnkún tó sọ pé ó tó gẹ́ẹ́, ohun tí ojú ẹni tó ń tà sì ń rí, ojú ẹni tó ń rà kì í sábà tó o.

Ohun tí mo kọ́kọ́ rí ni pé ìyá tó ń retí àkọ́bí ni gbogbo ọlọ́jà máa ń gbàdúrà pé kó yà sọ́dọ̀ òun. Òun ló ń ra bàtà fún ọmọ tí kò ní tẹ ilẹ̀ kí ọdún tó yí po. Òun ló ń ra àpótí oníná tó ń mú aṣọ ìnùdí lọ́wọ́ọ́wọ́, n'Íbàdàn yìí, nínú ooru oṣù Ẹrẹ́nà. A ó máa kí i, a ó fún un lága, a ó rán ọmọdé lọ ra omi tútù fún un. Ṣùgbọ́n ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta, kì í jókòó. Yóò dúró lẹ́nu ìsọ̀, yóò ra ìlédìí, ọṣẹ àti ìpara, bóyá ọ̀já tuntun kan nítorí ti àná ti gbó, yóò ná ọjà náà dé egungun, yóò sì bá tirẹ̀ lọ. Kì í ṣe pé kò fẹ́ràn ọmọ rẹ̀ tó ẹni àkọ́kọ́ o. Ó ti mọ ohun tí ọmọ ń lò àti ohun tí ojú àwọn ẹlẹgbẹ́ ń lò, ó sì ti ya ọ̀kan kúrò lára èkejì.

Nítorí náà ìbéèrè kan ni mo fẹ́ kí o máa bi ohunkóhun tí wọ́n bá gbé síwájú rẹ kí owó tó kúrò lọ́wọ́, yálà ó ti Ṣáínà wá, yálà Òyìnbó ló ṣe é, yálà ìyá ọkọ rẹ ló dì í sínú àpò wá láti ìlú: ṣé nǹkan yìí yóò sún ọmọ mọ́ ènìyàn ni, àbí yóò gbé e jìnnà sí wa? Bí yóò bá sún un mọ́ ènìyàn, rà á bí agbára rẹ bá ká a. Bí yóò bá gbé e jìnnà, fara balẹ̀, tún un wò. Bí ó bá sì jẹ́ ohun tí yóò gba ọ̀nà ọ̀fun ọmọ kọjá, ìbéèrè yẹn nìkan kò tó, a ó dé ibẹ̀.

Wo báàgì ìpọnmọ tí o fi fọ́tò rẹ̀ hàn mí yẹn, èyí tí wọ́n ń so mọ́ àyà, tí o rò pé n ó fi ṣe ẹlẹ́yà. Gbọ́ ìtàn rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, nọ́ọ̀sì ọmọ Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Ann Moore wá ṣiṣẹ́ ní Tógò tó wà nítòsí wa níhìn-ín, lábẹ́ ẹgbẹ́ Peace Corps. Ó ń wo àwọn ìyá tó pọn ọmọ lọ sóko, tó pọn ọmọ lọ sódò, tó pọn ọmọ nájà, ó sì ń rí i bí ara àwọn ọmọ náà ṣe balẹ̀ tó. Nígbà tó padà sílé tó bí ọmọbìnrin tirẹ̀, ó ní dandan ni kí òun náà pọ̀n ọ́n, ṣùgbọ́n bí ó ṣe ń so aṣọ ni ọmọ ń yọ̀ wálẹ̀, nítorí ọwọ́ tí a kò kọ́ láti kékeré kì í yára mọ ìdí iṣẹ́. Ló bá bẹ ìyá rẹ̀, Lucy Aukerman, tó ń gbé ní ìpínlẹ̀ Ohio, pé kó bá òun rán nǹkan tí yóò dá ọmọ dúró. Ìyá gbé abẹ́rẹ́, ó rán an, wọ́n tú u, wọ́n tún un rán, títí tí wọ́n fi gba ìwé àṣẹ ìjọba lórí rẹ̀ ní 1969. Snugli ni wọ́n pè é, òun ló sì la ọ̀nà fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ báàgì ìpọnmọ tí ayé ń rà lónìí. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, ọmọ mi. Èyí tí wọ́n wò lẹ́yìn àwọn ìyá wa ni wọ́n fi ìdè àti tìmùtìmù sí, tí wọ́n wá ń tà fún ọ ní iye tí yóò ra ọ̀já fún gbogbo àdúgbò.

Síbẹ̀ n kò bú u, nítorí ó yege nínú ìbéèrè mi. Ọkọ rẹ tí kò jẹ́ jẹ́ kí wọ́n rí òun pẹ̀lú ọ̀já lójú títì yóò so báàgì yẹn mọ́ àyà lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì pẹ̀lú ìyangàn, ọmọ yóò gbọ́ òórùn bàbá rẹ̀, àyà bàbá yóò sì mọ ìwúwo ọmọ. Ohun kan ni kí o yẹ̀ wò níbẹ̀. Wo bí ìyá tó mọ ọmọ pọ̀n ṣe ń ṣe é: yóò tẹ̀ síwájú, yóò gbé ọmọ gun ẹ̀yìn, ẹsẹ̀ ọmọ méjèèjì yóò yà gba ìbàdí ìyá lọ́tùn-ún lósì, yóò ta aṣọ bò ó láti abẹ́ apá, yóò wá fi ọ̀já gbá ìdí ọmọ sókè, yóò fà á le, yóò so ó níwájú, kó tó nàró. Ọmọ náà jókòó, kò fi dirodiro. Àwọn oníṣègùn egungun pàápàá ti sọ pé bí itan ọmọ ṣe yà, tí orúnkún rẹ̀ ga ju ìdí lọ díẹ̀ yẹn, ló dára fún oríkèé ìbàdí rẹ̀ tó ṣì ń dàgbà. Bí báàgì tí o fẹ́ rà bá wá jẹ́ èyí tó fi abẹ́ gbé ọmọ, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń fì bí ti ọmọláńgidi, dá a padà fún ẹni tó ni ín. Kí ọrùn ọmọ tuntun má sì wọ́, kí àgbọ̀n rẹ̀ má lẹ̀ mọ́ àyà, kí aṣọ má bo imú rẹ̀, yálà báàgì ni o, yálà ọ̀já.

Ìyẹn ló mú mi rántí òwe tí gbogbo ènìyàn ń pa láìronú sí i mọ́, pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Mo ti rí i ní ojúkorojú ju bí mo ṣe lè kà lọ. Obìnrin kan á máa ná ata, orí ìkókó ẹ̀yìn rẹ̀ á ti ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ìyá àgbà kan tí kò mọ̀ ọ́n rí á ti ìsọ̀ èlùbọ́ dìde, kò ní kí i, kò ní béèrè orúkọ, yóò kàn gbé orí ọmọ náà tọ́, yóò fún ọ̀já lókè, yóò padà sídìí igbá rẹ̀. Ìyá ọmọ ò tilẹ̀ wẹ̀yìn. Ẹ̀rọ kámẹ́rà tí wọ́n ń gbé kọ́ sórí ibùsùn ọmọ lóde òní, tí ìyá fi ń wò ó láti ibi iṣẹ́, lè fi orí tó wọ́ hàn ọ́. Kò lè gbé e tọ́. Ojú méjì ló ń bímọ, igba ojú ló ń tọ́ ọ, bí ó bá sì jẹ́ pé ní Lọ́ńdọ̀n tàbí Houston ni o wà tí igba ojú yẹn kò sí, owó kámẹ́rà ni kí o fi ra káàdì ọkọ̀ fún ẹnìkan tí yóò máa wá bá ọ gbé ọmọ ní ìrọ̀lẹ́.

Kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ń gbé ọmọ sí kó lè tètè rìn ńkọ́? Ọmọ mi, fi í sílẹ̀ níbi tí wọ́n kó o jọ sí. Kì í kọ́ ọmọ ní ìrìn; ọmọ tó yẹ kó máa rá, kó máa di àga mú, kó máa ṣubú kó máa dìde, ìka ẹsẹ̀ ló ń fi ti ilẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́, kí o tó ṣẹ́jú ó ti dé ibi sítóòfù, ó ti dé orí àtẹ̀gùn. Orílẹ̀-èdè Kánádà fòfin dè é ní 2004, títà rẹ̀, kíkó o wọlé, títí kan pípolówó rẹ̀. Amẹ́ríkà náà fòfin de tìmùtìmù tí wọ́n ń tò yí ibùsùn ọmọ ká ní 2022, pẹ̀lú àwọn àga dídagun tí wọ́n ní kí ọmọ máa sùn sí, nítorí pé ọmọ ti kú nínú wọn. Ibo ni o rò pé àwọn tí wọ́n kó kúrò nínú ilé níbẹ̀ ń lọ? Èmi ti rí wọn ní ìsọ̀ tòkunbọ̀, wọ́n mọ́ tónítóní, owó wọn ò ga, ẹni tó ń tà wọ́n kò sì mọ ìdí tí olówó wọn fi jù wọ́n nù. Ibùsùn tí ó tẹ́jú, tí kò sí ìrọ̀rí, tí kò sí ọmọláńgidi nínú rẹ̀, pẹ̀lú àwọ̀n ẹ̀fọn lókè, ó tó. Kí o má sì tẹ́ ọmọ ní ìdojúbolẹ̀ o, kó dojú kọ àjà. Mo mọ̀ pé àwọn àgbà kan yóò sọ fún ọ pé ìdojúbolẹ̀ ni ọmọ fi ń sùn wọra, àwọn ìwé dókítà ti ìgbà kan rí náà sì sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn ará Ìlú Ọba bẹ̀rẹ̀ ìpolongo ní 1991 pé kí wọ́n máa tẹ́ ọmọ sórí ẹ̀yìn rẹ̀, láàárín ọdún mélòó kan iye àwọn ìkókó tó ń bá ojú oorun lọ fi ju ìdajì lọ dínkù. Ọgbọ́n tó bá dé lẹ́yìn tí a ti dàgbà, ọgbọ́n náà ni.

Mo sọ pé a ó dé ọ̀dọ̀ ohun tó ń gba ọ̀fun kọjá. Ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run, àwọn baba wa kò fi èyí ṣeré. Ní ìparí 2008, oògùn eyín ọmọ kan wà lórí àtẹ káàkiri Nàìjíríà tí wọ́n ń pè ní My Pikin. Oògùn tó dùn ni, à ń fi ṣíbí wọ̀n ọ́n, ilé iṣẹ́ tí ìjọba mọ̀ ló ṣe é, kì í ṣe oògùn abẹ́ igi. Kẹ́míkà kan, diethylene glycol, irú èyí tó ń wà nínú omi tí wọ́n ń rọ sí rédíétọ̀ ọkọ̀, ló bọ́ sínú rẹ̀ dípò èyí tó yẹ kó wà níbẹ̀. Àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í bì, wọn kò lè tọ̀ mọ́, kíndìnrín wọn ti lọ. Kí NAFDAC, àjọ tó ń mójú tó oògùn, tó kó o kúrò nílẹ̀ tán, àwọn ọmọ tó lé ní 80 ni ilẹ̀ ti bò mọ́lẹ̀. Kí sì ni àìsàn tí wọ́n torí rẹ̀ mu oògùn? Eyín. Eyín tí gbogbo wa hù, tí yóò hù bí a lo oògùn bí a kò lò ó. Bí ara ọmọ tó ń hu eyín bá gbóná fòò, tàbí ó ń yàgbẹ́ olómi, má ṣe di ẹ̀bi ru eyín, ọmọ tó ń ki ohun gbogbo bọnu ti kó kòkòrò jẹ ni, ilé ìwòsàn ni kí o gbé e lọ. Ṣíbí tútù tó mọ́ tàbí ìka rẹ tí o fọ̀ dáadáa tó fún ìrigì tó ń yún un.

Gripe water tí ìyá rẹ fún ọ nígbà tí inú ń run ọ́ ńkọ́? Ọ̀gbẹ́ni William Woodward ló ṣe é ní Nottingham ní 1851, ọtí sì wà nínú rẹ̀ fún ohun tó lé ní 100 ọdún. Abájọ tí ẹ fi máa ń sùn. Èyí tí wọ́n ń tà lónìí kò ní ọtí mọ́, ṣùgbọ́n n kò tíì rí ohun tó ń ṣe fún ọmọ tí gbígbé e ró sí èjìká, kí a máa fi ọwọ́ pa á lẹ́yìn títí yóò fi gùnfẹ̀, kò lè ṣe.

Kí o má sì rò pé ohun òkèèrè nìkan ni mo ń fura sí, kí o wá lọ máa fi orúkọ àṣà gba ohunkóhun tí wọ́n bá gbé dé. Èmi ti rí bí wọ́n ṣe ń rọ ọmọ: a ó gbé ìkókó sórí itan, a ó fi àtẹ́lẹwọ́ ṣe ife sí i lẹ́nu, a ó di í nímú kí àgbo lè wọlé, ọmọ yóò máa hó, àgbo yóò máa hó lọ́fun rẹ̀, a ó sì máa kì í lóríkì pé akin ni. Èyí tó bá gba ọ̀nà òdì, inú ẹ̀dọ̀fóró ló ń lọ. Mo ti gbọ́ ìtọ̀ màlúù tí wọ́n ń fún ọmọ tí gìrì gbé, mo mọ àwọn ọmọ tí kò jí mọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Tìróò tí wọ́n ń lé sójú ìkókó lè ní òjé nínú, òjé a sì máa ba ọpọlọ ọmọ jẹ́. Omi ọyàn àkọ́kọ́ tó máa ń pọ́n díẹ̀, àwọn kan ní ó dọ̀tí, wọ́n á fún un dànù sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ohun tó ń dáàbò bo ọmọ ló kún inú rẹ̀. Ilé tí kò mọ èyí tó yẹ kó jù nù nínú ohun ìní rẹ̀, àkísà ni yóò fi sùn.

Bí ó bá jẹ́ ti oúnjẹ, oṣù mẹ́fà gbáko ni kó jẹ́ ọyàn nìkan, kò sí omi, kò sí oyin títí ọdún kan yóò fi pé, mo mọ̀ pé wọn yóò fẹ́ fi tọ́ ọ lẹ́nu níbi ìsọmọlórúkọ, ẹ jẹ́ kí ìyá rẹ̀ tọ́ ọ wò fún un. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti, tó ṣe mínísítà ètò ìlera láti 1985, kò sinmi lórí ọ̀rọ̀ ọyàn yìí àti lórí omi oníyọ̀ àti ṣúgà fún ọmọ tó ń yàgbẹ́ títí tí àwọn obìnrin inú ọjà fi ń kà á bí orin. Àwọn tó ń ta wàrà inú agolo, ayé ti bá wọn wí: ní 1981 ni àpérò Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí ìlànà pé kí wọ́n má ṣe polówó rẹ̀ fún àwọn ìyá mọ́, kí wọ́n má sì pín in ní ọ̀fẹ́, nítorí àwọn ìyá tí kò lówó tó ń fi omi là á kí agolo kan lè pẹ́, ọmọ ń yó lójú, ebi ń pa á nínú. Bí o bá wá jẹ́ ẹni tí ọyàn kò wá fún, tàbí àìsàn kò jẹ́ kí o fún un, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dójú tì ọ́, ra agolo náà, kí o sì pò ó gẹ́lẹ́ bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sí ara rẹ̀. Bí owó kò bá tó, sọ fún wa, kí o tó fi omi kún un.

Fóònù tí wọ́n ń gbé sí ọmọ lọ́wọ́ kó lè dákẹ́, ọ̀rọ̀ kékeré ni mo ní nípa rẹ̀. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Ojú àti ẹnu wa ni ọmọ ń wò kó tó mọ bí a ṣe ń sọ̀rọ̀, Àjọ Ìlera Àgbáyé náà sì ti sọ ní 2019 pé ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì kò yẹ kó jókòó wo ẹ̀rọ, pé èyí tó ti pé méjì sí mẹ́rin kò gbọdọ̀ kọjá wákàtí kan lóòjọ́. Àyàfi bí ó bá jẹ́ pé bàbá àgbà tó wà lókè òkun ló fẹ́ rí ọmọ, ìyẹn ti di ọ̀rọ̀ ẹbí.

Nǹkan kan wà tí kò sí lórí ìwé rẹ rárá, òun gan-an ni mo sì ń bọ̀ wá sọ. Ní apá ìparí àwọn ọdún 1950, dókítà Òyìnbó kan, David Morley, tó ń ṣiṣẹ́ nílé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà, ń tọ́jú àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ní Ìmẹ̀sí-Ilé. Ó rí i pé kí ojú ìyá tó rí i pé ọmọ ń rù, ó ti ń rù tipẹ́. Ni ó bá ṣe káàdì kan, tí a ó máa fi àmì sí ìwọ̀n ọmọ lóṣooṣù, tí a ó sì fa ìlà láti àmì kan dé èkejì, àrà tó wá dá ni pé kò kó káàdì náà pa mọ́ sílé ìwòsàn, ó fún ìyá pé kó máa gbé e lọ sílé. Àwọn ìyá tí kò kàwé mọ̀ ọ́n kà. Bí ìlà bá ń gòkè, ọkàn balẹ̀; bí ó bá tẹ́jú, tàbí ó ń wálẹ̀, nǹkan ń ṣe ọmọ bí kò tilẹ̀ tíì sunkún. Láti Ìmẹ̀sí-Ilé ni káàdì yẹn ti rin ayé já, orílẹ̀-èdè púpọ̀ ló ń lò ó, ọmọ wa ni wọ́n sì kọ́kọ́ wọ̀n.

Wọn yóò fún ọ ní tìrẹ níbi abẹ́rẹ́ àjẹsára. Fi í sínú ọ̀rá kí omi má bà á, má fi di ẹ̀pà fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kí o sì gbé e dání nígbàkígbà tí o bá gbé ọmọ lọ fún ìwọ̀n. Iṣẹ́ máa ń pọ̀ lọ́wọ́ àwọn nọ́ọ̀sì, òmíràn yóò kàn kọ nọ́ńbà síbẹ̀ láìfa ìlà. Kúnlẹ̀ díẹ̀, kí i, sọ fún un pé, "Aǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fa ìlà rẹ̀, ìyá mi ló ní kí n wò ó bóyá ó ń gòkè." Kò ní bínú.